Ẹ má tíì gbẹ́lẹ̀ o! Ìbéèrè yín lórí pẹ́míìtì ilé kíkọ́ nílùú kékeré

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, kò sì yà mí lẹ́nu. Ẹni tó ń gbé ìlú kékeré máa ń rò pé pẹ́míìtì, wàhálà àwọn ará ìlú ńlá ni, àfìgbà tí ẹnì kan bá wá lẹ ìwé "Ẹ dá iṣẹ́ dúró" mọ́ ògiri tó ti dé ojú fèrèsé. Mo ti gé àwọn lẹ́tà tó gùn kúrú, mo sì ti yọ orúkọ kúrò. Òfin ìlú kan ò jọ ti ìkejì o, torí náà nọ́ńbà tí mo bá dárúkọ, ẹ lọ fi wé ti ọ̀dọ̀ yín kẹ́ ẹ tó gbé tépù.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilẹ̀ nílùú kékeré kan, ilé ilẹ̀ oníyàrá mẹ́ta ni mo fẹ́ kọ́ sí i. Ọ̀rẹ́ mi kan ní àkítẹ́ẹ̀tì ni kí n kọ́kọ́ wá, ẹlòmíì ní káńsù ni kí n kọ́kọ́ lọ. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀? – Onílẹ̀ Tuntun

Ìdáhùn: Onílẹ̀ Tuntun, ẹ kú oríire. Káńsù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ jàre. Ohun tẹ́ ẹ bá ní kí àkítẹ́ẹ̀tì yà ló máa yà, ẹ máa sanwó ẹ̀, ẹ tiẹ̀ máa fẹ́ràn ẹ̀, kó tó wá di pé ẹ gbé e dé ọ́fíìsì kí wọ́n ní ilẹ̀ yẹn ò gba ilé tó gùn tó bẹ́ẹ̀, ó di kí wọ́n tún un yà, kẹ́yin náà tún sanwó. Ìwé sọ̀fíyọ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ mú dání lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ibi tí ìlú kékeré ti dùn nìyí. Nílùú ńlá, ẹni tó jókòó síbi káńtà, iṣẹ́ tiẹ̀ ò ju kó gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ yín lọ, ẹni tó máa ka fáìlì wà lókè lọ́hùn-ún, ẹ ò lè fojú kàn án. Nílùú kékeré, ẹni tẹ́ ẹ bá níbi káńtà yẹn gan-an ló sábà máa ń jẹ́ ẹni tó máa ka pláànù yín, nígbà míì òun náà ló tún máa wá sí sáìtì wá wo fọndéṣọ̀n. Tẹ́ ẹ bá tẹ́ ìwé sọ̀fíyọ̀ síwájú ẹ̀, á fi rúlà lé ojú títì, á ní, "Títì yìí, mítà 15 lòfin yọ̀ǹda fún un, mítà 7 péré ni wọ́n tíì da ọ̀dà sí, ìyókù tẹ́ ẹ rí tí koríko hù sí yẹn, ti ìjọba ni o." Ẹ wò ó, fẹ́nsì tí wọn ì bá wó lọ́jọ́ iwájú, ìṣẹ́jú kan ti yọ yín nínú ẹ̀.

Ẹ bi í: irú ilé wo lòfin gbà lórí ilẹ̀ yìí, ilé gbígbé nìkan ni àbí wọ́n gba ṣọ́ọ̀bù mọ́ ọn? Mítà mélòó ni mo máa fi sílẹ̀ níwájú, lẹ́yìn, àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì? Báwo ni ilẹ̀ tí mo lè fi ilé bò ṣe pọ̀ tó? Ṣé omi máa ń ya débí? Ṣé páìpù ìdọ̀tí ìlú kọjá lójú títì ni àbí èmi ni mo máa gbẹ́ sókèwéè? Kẹ́ ẹ tó dìde, ẹ ní kó fún yín ní lísìtì gbogbo ìwé tí wọ́n máa fẹ́ rí nínú fáìlì, kó wà lórí bébà, kó má jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu.

Ẹ jẹ́ n ṣírò kan fún yín, àpẹẹrẹ lásán ni o. Ká ní ilẹ̀ yín fẹ̀ ní mítà 20, ó gùn ní mítà 30, ìyẹn jẹ́ 600 mítà onígun mẹ́rin. Wọ́n ní kẹ́ ẹ fi mítà 6 sílẹ̀ níwájú, 3 lẹ́yìn, 3 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ohun tó ṣẹ́kù nínú ẹ̀ fẹ̀ ní 14, ó gùn ní 21, ìyẹn 294. Ẹ ti ń rò pé 294 lẹ máa kọ́, ó tì o. Tí wọ́n bá tún ní ilé ò gbọdọ̀ bo ju ìdá 40 nínú 100 ilẹ̀ lọ, 240 péré lẹ ní, kẹ́ ẹ gbàgbé 54 yẹn. Òfin méjèèjì ló ń ṣiṣẹ́ pọ̀, èyí tó bá le jù lẹ máa tẹ̀ lé. Ara pílà tí sọ̀fíyọ̀ rì mọ́lẹ̀ ni wọ́n sì ti ń wọn gbogbo ẹ̀, kì í ṣe ara fẹ́nsì, kì í ṣe etí ọ̀dà, torí fẹ́nsì tẹ́ ẹ bá nílẹ̀, ẹni tó mọ ọ́n lè ti mọ ọ́n síbi tó wù ú. Ẹ bèèrè nípa ẹnu òrùlé náà: níbòmíì ara ògiri ni wọ́n ti ń wọn ilé, níbòmíì ibi tí òrùlé yọ dé ni.

Ẹ̀yìn gbogbo èyí lẹ wá lọ bá àkítẹ́ẹ̀tì. Á dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi, inú ń bí mi. Mo gbé fáìlì lọ, wọ́n dá a padà. Mo tún un ṣe, wọ́n tún dá a padà. Ṣé kì í ṣe owó ẹ̀yìn ni wọ́n ń wá báyìí? – Ó Ti Sú Mi

Ìdáhùn: Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, mi ò ní tàn yín, àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo inú fáìlì náà ná. Èrò tèmi, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ò ní gbà fún mi, ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn fáìlì tó ń pẹ́ ní káńsù, àìpé ló ń dá wọn dúró, kì í ṣe ìwà burúkú ẹnikẹ́ni.

Ẹ tẹ́ gbogbo pláànù yẹn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kẹ́ ẹ máa fìka tọ̀ ọ́. Lórí èyí tó fi àwọn yàrá hàn láti òkè, fèrèsé mélòó ló wà lára ògiri ẹ̀yìn? Mẹ́ta. Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ya ẹ̀yìn ilé, mélòó ló wà níbẹ̀? Méjì. Ó parí nìyẹn, wọ́n á dá a padà, àbí èwo ni kí wọ́n fọwọ́ sí nínú méjèèjì? Ẹ wo orúkọ: èyí tó wà lórí fọ́ọ̀mù àti èyí tó wà lórí ìwé ilẹ̀, ṣé ọ̀kan náà ni, àbí ẹ fi orúkọ ọkọ kún un níbì kan ẹ yọ ọ́ níbòmíì? Ẹ wo ìwọ̀n: wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé 1:100 (ìyẹn ni pé sẹ̀ntímítà kan lórí bébà dúró fún mítà kan nílẹ̀), ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe fọ́tòkọ́pì ti dín in kù kó lè wọ bébà kékeré, rúlà tí wọ́n bá fi lé e, irọ́ ló máa pa, ẹni tó ń kà á á sì rò pé ẹ̀yin lẹ fẹ́ tan òun jẹ. Sókèwéè sún mọ́ kànga jù. Ọfà tó ń tọ́ka sí àríwá ò sí. Ẹnjiníà ṣírò irin dẹ́kìn tán, kò lu síìlì ẹ̀ mọ́ ọn. Nǹkan kéékèèké ni gbogbo ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo tó láti gbé fáìlì padà wálé.

Ohun tí màá gbà yín níyànjú ni pé kẹ́ ẹ ní kí wọ́n kọ gbogbo ohun tí wọ́n rí sílẹ̀, kí wọ́n fi nọ́ńbà sí i. Tẹ́ ẹ bá ń gbé e padà lọ, ẹ kọ lẹ́tà kékeré kan mọ́ ọn: nọ́ńbà kìíní, ohun tá a ṣe sí i rèé, ó wà lójú ìwé kẹta, nọ́ńbà kejì bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kẹ́ ẹ fi bírò pupa yí gbogbo ibi tẹ́ ẹ tún ṣe ká. Ẹni tó ń kà á ò ní bẹ̀rẹ̀ látorí, kò sì ní rí àyè wá àṣìṣe tuntun.

Ẹ tún bèèrè ẹni tó ń ka fáìlì náà. Nílùú kékeré ó lè jẹ́ ẹnì kan péré, níbòmíì ẹ̀wẹ̀ ọ̀gá kan náà ló ń pín ọ̀sẹ̀ ẹ̀ láàrin ìlú mẹ́ta mẹ́rin, ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìkan ló máa ń yà sọ́dọ̀ tiyín, tó bá wá lọ sí lífù, gbogbo nǹkan dúró gbagidi. Ẹ mọ ọjọ́ ẹ̀.

Tó bá wá jẹ́ owó ẹ̀yìn lóòótọ́ ńkọ́? Owó tí ò bá ti ní risíìtì, ẹ má san án. Ẹ gba nọ́ńbà fáìlì yín, ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ gbé e wọlé sílẹ̀, ẹ wá wádìí ọjọ́ tí òfin fún wọn láti dáhùn. Ní Íńgílándì, bí àpẹẹrẹ, ọ̀sẹ̀ 8 ni káńsù ní lórí iṣẹ́ kékeré, ọ̀sẹ̀ 13 lórí iṣẹ́ ńlá, tí wọn ò bá dáhùn títí ó fi kọjá, onílé lè gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sókè. Tí irú ẹ̀ bá wà lọ́dọ̀ yín, ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà, ẹ dárúkọ òfin náà. Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ o, ìlú kékeré ni, ẹ ṣì máa pàdé ẹni yẹn lójú títì lọ́la.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ilé kékeré tí mo fẹ́ máa kó irinṣẹ́ sí lẹ́yìnkùlé náà nílò pẹ́míìtì? Fẹ́nsì ńkọ́?

Ìdáhùn: Bó ṣe tóbi tó ló máa sọ. Níbi púpọ̀ òfin máa ń fojú fo nǹkan kéékèèké. Ìwé òfin ilé gbígbé kan tí ọ̀pọ̀ ìlú ní Amẹ́ríkà mú ṣe tiwọn sọ pé ilé ìkẹ́rùsí tó dá dúró, tí ò ní àjà lórí, tí ò bá ju 200 ẹsẹ̀ onígun mẹ́rin lọ (ìyẹn bíi mítà onígun mẹ́rin 18 àbọ̀), ẹ lè kọ́ ọ láìgba pẹ́míìtì, fẹ́nsì tí ò bá ga ju ẹsẹ̀ 7 lọ náà bẹ́ẹ̀. Ìlú kọ̀ọ̀kan sì lè yí nọ́ńbà yẹn padà. Ibi tó ti ń kó bá èèyàn ni pé pẹ́míìtì nìkan ni wọ́n yọ yín nínú ẹ̀, wọn ò yọ yín nínú òfin ààlà. Mítà tí wọ́n ní kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣì wà níbẹ̀ digbí. Tẹ́ ẹ bá sì fa wáyà iná wọ inú ẹ̀, wáyà yẹn fúnra ẹ̀ lè nílò pẹ́míìtì tiẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, kọntirákítọ̀ mi ní ká bẹ̀rẹ̀ fọndéṣọ̀n báyìí torí òjò ń bọ̀, pé pẹ́míìtì á bá wa níbẹ̀. Ó ní bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe é nìyẹn. Kí lẹ rí sí i? – Mi Ò Mọ Èyí Tí Màá Ṣe

Ìdáhùn: Mi ò fara mọ́ ọn rárá. Ẹ bi í ní ìbéèrè kan péré, kẹ́ ẹ wá dákẹ́: tí wọ́n bá ní ká wó o, ta ló máa san owó ẹ̀? Ẹ máa wo ojú ẹ̀. Níbi púpọ̀, onílé lòfin mọ̀, ẹ̀yin ni wọ́n máa kọ ìwé ìtanràn sí, òun á ti wà lórí sáìtì ẹlòmíì nígbà yẹn.

Àmọ́ ká tiẹ̀ gbé owó ìtanràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ohun tó ń dùn mí nínú "ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ ná" ni pé fọndéṣọ̀n, ẹ̀ẹ̀kan lojú ń rí i. Ìgbà tí wọ́n bá ti gbẹ́ kòtò tán, tí irin ti wà nínú ẹ̀, tí kọnkéré ò tíì bò ó, ìgbà yẹn ni inspẹ́kítọ̀, ẹni tí káńsù ń rán wá wo iṣẹ́, máa ń fẹ́ dé. Ẹ dúró tì í lọ́jọ́ náà, kẹ́ ẹ wo ohun tó ń ṣe. Á wọnú kòtò, á fi tépù wọn jíjìn ẹ̀ àti fífẹ̀ ẹ̀, á fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó gún ìsàlẹ̀ ẹ̀ wò bóyá ilẹ̀ gidi ni àbí iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n rọ́ padà sínú ẹ̀ nígbà tí wọ́n gbẹ́ ẹ jù. Tí omi bá dúró síbẹ̀ á ní kí wọ́n gbọ́n ọn. Lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á wo abẹ́ irin. Tí irin bá sùn sórí ilẹ̀, iṣẹ́ ò tíì ṣeé dà nìyẹn. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi kọnkéré pẹlẹbẹ kéékèèké, èyí táwọn bíríkìlà ń pè ní bísíkíìtì, gbé e sókè, kí kọnkéré lè rí ààyè gba abẹ́ ẹ̀. Ìlànà àwọn oníkọnkéré ní Amẹ́ríkà ní kí ìnṣì 3, bíi mìlímítà 75, ti kọnkéré wà láàrin irin àti ilẹ̀ tí wọ́n da kọnkéré lé. Ìdí ẹ̀ ni pé omi inú ilẹ̀ máa ń rìn wọ kọnkéré díẹ̀díẹ̀, tó bá kan irin, irin á dógùn-ún, irin tó bá sì ti dógùn-ún máa ń wú, wíwú yẹn lá la kọnkéré láti inú wá. Ẹ ò ní rí i fún ọdún pípẹ́. Ohun tí bíríkìlà ì bá fi ìṣẹ́jú díẹ̀ ṣe ni o.

Tẹ́ ẹ bá ti wá da kọnkéré lé e láìsí ẹni tó wò ó, inspẹ́kítọ̀ lè ní kẹ́ ẹ hú u síta kóun lè rí i, tàbí kẹ́ ẹ lọ wá ẹnjiníà tó máa fi ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò kó sì fọwọ́ ara ẹ̀ sí i, kò sì sí èyí tó rọrùn níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti páìpù tó wà lábẹ́ ilẹ̀ yàrá kí wọ́n tó da sìmẹ́ǹtì lé e, bẹ́ẹ̀ náà ni wáyà kí wọ́n tó rẹ́ ògiri. Ẹ máa pè é ṣáájú, ẹ má ní kí ọkọ̀ kọnkéré dé ní wákàtí tí òun náà ń bọ̀, torí tó bá rí ohun kan tó yẹ ní títúnṣe, kọnkéré ò ní dúró dè yín.

Ti òjò tó ń bọ̀, mo gbọ́. Ẹ bi káńsù bóyá wọ́n máa ń fúnni ní pẹ́míìtì fọndéṣọ̀n nìkan kí ti ilé tó ṣẹ́kù tó jáde, ọ̀pọ̀ ibi ló ní in. Kọntirákítọ̀ tó bá mọṣẹ́ ẹ̀, òun ló yẹ kó ti sọ ìyẹn fún yín.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ ìlú sà. Ilé ilẹ̀ ni bàbá wa fi sílẹ̀ fún wa kí wọ́n tó lọ. Àwa ọmọ fẹ́ fi àjà kan lé e, ká sọ ìsàlẹ̀ di ṣọ́ọ̀bù ńlá kan. Ògiri ẹ̀ nípọn dáadáa. Ṣé pẹ́míìtì tí bàbá gbà nígbà yẹn ò tó? – Àwọn Ọmọ Olóògbé

Ìdáhùn: Ọlọ́run á tẹ́ bàbá sáfẹ́fẹ́ ire. Kò tó o. Ilé ilẹ̀ tí ìdílé kan ń gbé ni wọ́n fọwọ́ sí fún bàbá, ohun tẹ́yin fẹ́ ṣe yìí, nǹkan méjì ni lẹ́ẹ̀kan náà: ẹ fẹ́ di ẹrù kún un lórí, ẹ sì tún fẹ́ wó àwọn ògiri ìsàlẹ̀ kí ṣọ́ọ̀bù lè láyè. Ògiri tẹ́ ẹ ní ó nípọn yẹn, òun gan-an lẹ fẹ́ yọ! Ẹ̀yin ọmọ yìí náà.

Ìlú Seoul ní Gúúsù Kòríà, ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà 1995, ilé ìtajà ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Sampoong wó lulẹ̀, èèyàn 502 kú. Kì í ṣe ilé ìtajà ni wọ́n kọ́kọ́ yà á sí. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ lọ́wọ́ ni wọ́n yí i padà, wọ́n fi àjà karùn-ún lé e, wọ́n dín ara òpó kù, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ amúlétutù tó wúwo sórí òrùlé. Ọdún 2013 ẹ̀wẹ̀, ní Savar nítòsí Dhaka, ní Bangladesh, Rana Plaza wó, èèyàn tó kú lé ní 1,100. Wọ́n ti fi àwọn àjà tí ò sí nínú àṣẹ lé e lórí, ilé iṣẹ́ aránṣọ pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ ńláńlá ló wà lókè níbẹ̀. Ògiri ti là lójú gbogbo èèyàn lọ́jọ́ tó ṣáájú, báńkì tó wà nínú ilé náà kó òṣìṣẹ́ tiẹ̀ jáde, àwọn aránṣọ ni wọ́n ní kí wọ́n padà wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin. Ẹ má sọ pé ilé tiyín kéré. Bó ṣe kéré náà ni fọndéṣọ̀n ẹ̀ kéré.

Torí náà, ẹnjiníà lẹ máa kọ́kọ́ wá, kẹ́ ẹ tó wá ẹnikẹ́ni. Á gbẹ́ kòtò kan tàbí méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kó lè rí bí fọndéṣọ̀n ṣe jìn tó àti bó ṣe fẹ̀ tó, á yẹ kọnkéré wò, á ṣírò. Ó lè ní ó gbà á, ó lè ní ẹ ní láti gbé òpó tuntun àti irin sí i láti ìsàlẹ̀, ó lè ní ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ ilé ilẹ̀. Ìṣirò yẹn ni káńsù máa bi yín. Ti ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á tún bi yín nípa ọ̀nà àbájáde tí iná bá sọ, ibi tí oníbàárà máa páàkì sí, àti bóyá wọ́n tiẹ̀ gba ọjà títà ládùúgbò yẹn rárá. Ẹ bèèrè èyí tó gbẹ̀yìn yìí ṣáájú, torí tí ìdáhùn ẹ̀ bá jẹ́ rárá, owó ẹnjiníà ṣì wà lápò yín.

Ìbéèrè: Ilẹ̀ mi ni, owó mi ni, mi ò yáwó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kí ló kan ìjọba nínú bí mo ṣe kọ́lé mi?

Ìdáhùn: Ẹ rọra, ọ̀gá mi. Ìjà yìí ti wà kí wọ́n tó bí baba ńlá wa. Hammurabi ọba Bábílónì, ní bíi 3,700 ọdún sẹ́yìn, ti kọ ọ́ sínú òfin ẹ̀ pé tí kọ́lékọ́lé bá kọ́lé tí ò lágbára, tó wó pa onílé, kí wọ́n pa kọ́lékọ́lé náà. Tó bá jẹ́ ẹrù ló bàjẹ́, kó san án, kó sì tún ilé yẹn kọ́ lówó ara ẹ̀. Pẹ́míìtì rọrùn jùyẹn lọ, ẹ gbà pẹ̀lú mi. Ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1666, iná tó bẹ̀rẹ̀ nílé oníbúrẹ́dì kan jó fún bí ọjọ́ mẹ́rin, ilé tó lé ní 13,000 ló jó, torí pé pákó ni wọ́n fi kọ́ èyí tó pọ̀ jù, wọ́n sì fún mọ́ra wọn. Ilé oníbúrẹ́dì náà ńkọ́, ṣé tiẹ̀ nìkan ló jó? Ẹ̀yìn ẹ̀ ni òfin tuntun wá ní bíríkì tàbí òkúta ni kí wọ́n máa fi mọ ògiri ìta.

Ibi tí mo ti gbè yín lẹ́yìn ni pé àwọn òfin kan wà tí ò ṣe ẹnikẹ́ni lóore, irú èyí tó ń sọ àwọ̀ tẹ́ ẹ máa kun ilẹ̀kùn. Ìyẹn, ẹ lọ bá wọn jà á nípàdé káńsù. Nílùú kékeré, àwọn tó ń wá sípàdé yẹn ò tó nǹkan, ẹni tó bá dìde sọ̀rọ̀ wọ́n ń gbọ́ ọ.

Ìbéèrè: Ọmọ mi, ó ti tó bí ogún ọdún tí ọkọ mi ti kọ́ yàrá kan kún ilé wa lẹ́yìn láìgba ìwé kankan. Mo ti di opó, mo fẹ́ ta ilé náà, lọ́yà ẹni tó fẹ́ rà á ní yàrá yẹn ò sí nínú ìwé. Wọ́n á wó o ni? – Ìyá Àgbà

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrọ́jú mà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ má jẹ́ kí àyà yín já, wíwó kì í sábà jẹ́ ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ sọ. Ọ̀pọ̀ káńsù ló ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń fún irú yàrá bẹ́ẹ̀ níwèé lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ́ ọ, àmọ́ owó ẹ̀ máa ń ju ti ẹni tó gba ìwé kó tó kọ́lé lọ, wọ́n sì lè ní kẹ́ ẹ ṣí ògiri díẹ̀ kí wọ́n lè wo wáyà àti irin inú ẹ̀. Àwọn ìlú míì ní iye ọdún tó bá kọjá tí wọn ò ní bi yín mọ́ lórí ilẹ̀ tẹ́ ẹ kọ́ ọ sí, ẹ wádìí ẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn ò sọ pé yàrá náà lágbára, nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Mà, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gba owó ìwé lọ́wọ́ yín láìjẹ́ pé ẹnìkan wá wo yàrá náà o. Lọ́dún 2018 ìjọba Tọ́kì ní kí àwọn tó kọ́lé lòdì sí òfin wá sanwó kí wọ́n lè gbàwé, àwọn ẹnjiníà ibẹ̀ pariwo pé ilé tí wọn ò yẹ̀ wò lẹ ń fún níwèé yìí. Nígbà tí ilẹ̀ mì titi lọ́jọ́ 6 oṣù Kejì 2023, tó pa èèyàn tó lé ní 50,000 ní Tọ́kì nìkan, ọ̀rọ̀ yẹn náà ni gbogbo ayé tún gbé dìde.

Ẹ wá ẹnjiníà kan kó wo yàrá náà kó kọ ohun tó rí sílẹ̀. Kẹ́ ẹ ya fọ́tò ẹ̀ nínú àti lóde, kẹ́ ẹ wá risíìtì sìmẹ́ǹtì tàbí irin ìgbà yẹn tí bàbá bá fi pamọ́. Ìwé yẹn lẹ máa mú lọ sí káńsù, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ bá wọn, ẹ má dúró kí lọ́yà oníbàárà lọ ṣáájú yín. Tó bá wá le jù, ẹ ta ilé náà bó ṣe wà, ẹ sọ fún olùrà pé yàrá náà ò níwèé, ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn, owó yín á dín díẹ̀ àmọ́ olùrà ò ní lè sọ pé ẹ tan òun jẹ.

Ìbéèrè: Mo gba pẹ́míìtì, mo mọ ilé dé ojú fèrèsé, owó tán. Ṣé ìwé náà á dúró dè mí?

Ìdáhùn: Kò ní dúró o. Nínú òfin Amẹ́ríkà tí mo mẹ́nu bà lókè, tí iṣẹ́ ò bá bẹ̀rẹ̀ láàrin ọjọ́ 180 tàbí tó bẹ̀rẹ̀ tó wá dúró fún ọjọ́ 180, pẹ́míìtì náà kú nìyẹn. Ní Íńgílándì, ọdún 3 ni wọ́n sábà máa ń fúnni láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn ìwé tiyín, ọjọ́ ẹ̀ máa ń wà níbẹ̀ ní lẹ́tà wínníwínní. Kẹ́ ẹ tó dé ọjọ́ yẹn, ẹ kọ̀wé pé kí wọ́n fi àkókò kún un, ẹ sọ pé owó ló dá yín dúró, kò sí ìtìjú níbẹ̀, wọ́n ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́. Irin tó yọrí síta lára òpó, ẹ fi nǹkan bò ó kó má dógùn-ún kẹ́ ẹ tó padà dé. Ẹ má sì sọ ìwé inspẹ́ṣọ̀n fọndéṣọ̀n nù, òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ bèèrè lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá padà.